Àlàfo Ẹnu Sàsófóònù: Èyí Tó Pa Mọ́, Èyí Tó Wà Láàárín àti Èyí Tó Là Gbòòrò

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́ fèrè lọ́dọ̀ mi ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta máa ń bi mí jù lọ kì í ṣe nípa irú sàsófóònù tó yẹ kí wọ́n rà, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ti ra tiwọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnu fèrè ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹnì kan á mú èyí tí wọ́n kọ 4C sí lára wá, á ní, "Ọ̀gá, wọ́n ní tọmọdé nìyí, pé kí n lọ wá méje." Ẹlòmíràn ti ra méje náà ní tirẹ̀, kò sì lè fọn ju orin méjì lọ kí ètè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àwọn méjèèjì ń fi nọ́ńbà yan ohun tó jẹ́ pé ìwọ̀n ni a fi í yàn, ohun tó sì mú mi kọ ìfiwéra yìí nìyẹn.

Ẹnu fèrè ni ohun dúdú tàbí onírin tí a ń kì bọ ọrùn sàsófóònù, tí a sì ń de ríìdì, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tínínrín tó ń mú ohùn jáde bí a bá fọn ún, mọ́ lábẹ́. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ìdí ríìdì jókòó sí, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń lọ síwájú ni ó ń tẹ̀ kúrò lára ríìdì díẹ̀díẹ̀, débi pé nígbà tí ó bá fi dé ṣóńṣó, àwọn méjèèjì kò kan ara wọn mọ́. Àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ríìdì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ibẹ̀ ni èémí ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ríìdì ti ń gbọ̀n: bí a bá fọn ohùn tí àwọn olórin fi ń mú ohùn àwọn ohun èlò wọn dọ́gba, ìyẹn A 440, ìgbà 440 ni ríìdì ń ṣí tó sì ń pa dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mìlímítà ni a fi ń wọn àlàfo náà, tàbí ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì. Ohun tó ya kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára ńlá kò tó nǹkan lójú, nítorí pé lórí áàtò, ìyẹn sàsófóònù tó kéré ju tẹ́nọ̀ lọ, láti orí èyí tó pa mọ́ jù nínú àwọn tí ènìyàn ń lò déédéé, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.5, títí dé orí èyí tó là gan-an, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ètè kì í ṣàìmọ̀ ọ́n.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ríìdì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àlàfo ẹnu fèrè àti ríìdì dà bí ọlọ àti ọmọ ọlọ. A kì í yan ọ̀kan kí a má wo èkejì. Bí àlàfo bá fẹ̀, ọ̀nà tí ríìdì yóò tẹ̀ kí ó tó pa ẹnu fèrè dé jìn, nítorí náà ríìdì tó rọ̀ ni yóò bá a mu, bíi nọ́ńbà 2 tàbí 2½. Bí àlàfo bá kéré, ríìdì tó rọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ẹnu fèrè ní kété tí a bá fi agbára díẹ̀ fọn ún, ohùn yóò sì dákẹ́ lójijì. Ríìdì tó le díẹ̀, bíi 3 tàbí 3½, ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹnu fèrè tí kò pààrọ̀ ríìdì kò tíì dán ẹnu fèrè náà wò rárá. Ẹ sì rántí pé nọ́ńbà ríìdì pàápàá yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn: 2½ ti Vandoren le ju 2½ ti Rico tó wà nínú páálí aláwọ̀ ọsàn lọ.

Lẹ́yìn ríìdì ni agbára ètè àti ti èémí, pẹ̀lú iye wákàtí tí ẹ fi ń fọn fèrè láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdúróṣinṣin ohùn ló tẹ̀ lé e. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kì í sún fún ẹnikẹ́ni. Bí ohùn yín bá wálẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni gbogbo ìjọ yóò gbọ́. A ó wo ibi tí ẹ ti ń fọn ún pẹ̀lú, bóyá inú ilé ni, bóyá abẹ́ àtíbàbà, bóyá máìkì wà níwájú yín. Ní ti owó, kì í ṣe iye tí ẹ ra ẹnu fèrè nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra ìyẹn, ríìdì ni a ń rà lóṣooṣù.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ariwo kúrò nínú àwọn òṣùwọ̀n yìí. Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ láàárín àwa afọnfèrè ni pé ẹnu tó là gbòòrò ló ń pariwo, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun lórí ìlù gbọ́dọ̀ ra ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Ohun tó ń mú kí ohùn mú, kí ó gba àárín gángan àti sákárà kọjá, ni àjà inú ẹnu fèrè, ìyẹn òkè inú rẹ̀ tó kọjú sí ríìdì. Bí àjà yẹn bá wálẹ̀ sún mọ́ ríìdì, èémí yóò sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, ohùn yóò sì mú bí abẹ. Bí àjà bá ga, tí ihò inú sì tóbi, ohùn yóò ki, yóò ṣókùnkùn díẹ̀. Mo ti rí ẹnu fèrè tí àlàfo rẹ̀ kò ju ti àárín lọ, tí àjà rẹ̀ wálẹ̀, tó bo èyí tó là gbòòrò mọ́lẹ̀ lórí pápá kan náà. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ohùn tó mú ni ẹ ń wá, àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àlàfo.

Nọ́ńbà kì í ṣe ìwọ̀n

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Kò sí àdéhùn kankan láàárín àwọn tó ń ṣe ẹnu fèrè nípa ohun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ túmọ̀ sí. Lórí áàtò, 4C ti Yamaha jẹ́ mìlímítà 1.60, 7C wọn sì jẹ́ 1.90. Ẹ wá wo Meyer, tí àwọn oníjáàsì fẹ́ràn fún áàtò: 5 tiwọn jẹ́ ìdá 71 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì, ìyẹn mìlímítà 1.80, 6 wọn sì jẹ́ 76, tó jẹ́ 1.93. Èyí ni pé méje Yamaha kò tó mẹ́fà Meyer. Selmer kì í tilẹ̀ lo nọ́ńbà lórí ẹnu fèrè S80 wọn. Lẹ́tà ni wọ́n ń lò, C* wọn fún áàtò sì jẹ́ 1.70. Lórí tẹ́nọ̀, 7* ti Otto Link jẹ́ ìdá 105 nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì, tó jẹ́ 2.67. Berg Larsen nìkan, nínú àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ló ń tẹ ìwọ̀n gan-an sára ẹnu fèrè: bí ẹ bá rí 100/2 lára rẹ̀, 100 ni ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì tí àlàfo náà jẹ́, 2 sì ń sọ irú ihò inú rẹ̀ fún yín.

Ẹni tó bá ní "méje ni mo ń lò" kò tíì sọ ohunkóhun, àfi bí ó bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ kún un, tó sì sọ bóyá áàtò ni tàbí tẹ́nọ̀, nítorí pé tẹ́nọ̀ tóbi ju áàtò lọ, àlàfo tó sì là lórí áàtò lè má ju ti àárín lọ lórí tẹ́nọ̀.

Bí ẹnu fèrè bá wà lọ́wọ́ yín tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára, tàbí tí ohun tí wọ́n kọ ti pa rẹ́, káàdì báńkì ni èmi máa ń lò. Káàdì ATM tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò yọ sókè nípọn tó mìlímítà 0.76, ìwọ̀n kan náà ni àwọn báńkì ń lò káàkiri àgbáyé. Ẹ tú ríìdì kúrò, kí ẹ mú gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré kan, irú èyí tó wà lójú férémù fọ́tò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹnu fèrè níbi tí ríìdì ń jókòó sí, kí ẹ sì dì í mú pinpin. Àlàfo tí ẹ bá rí láàárín gíláàsì àti ṣóńṣó ni à ń wá. Ẹ to káàdì méjì lé ara wọn, kí ẹ rọra ti igun wọn sínú àlàfo náà láìfi agbára, nítorí pé etí ṣóńṣó yẹn tinrin bí èékánná, bí ó bá sì ti ha, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí káàdì méjì kò bá wọlé, àlàfo náà kò tó 1.52. Bí méjì bá wọlé tí mẹ́ta kọ̀, ó wà láàárín 1.52 àti 2.28, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu áàtò wà. Bí mẹ́ta bá wọlé tí mẹ́rin kọ̀, ó wà láàárín 2.28 àti 3.04, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tẹ́nọ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré òde wà. Àwọn mẹkáníìkì ní irin pẹlẹbẹ tínínrín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo fáàfù, èyí tó péye ju káàdì lọ, ṣùgbọ́n irin ni, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ bí irin bá ti ń sún mọ́ etí ẹnu fèrè.

Èyí tó pa mọ́

Lórí áàtò, mo ń pe ohun tó wà láti 1.5 dé 1.7 ní èyí tó pa mọ́. Lórí tẹ́nọ̀, ohun tí kò bá tó 2. Òun ló sábà máa ń bá sàsófóònù akẹ́kọ̀ọ́ wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé wọ́n ń pè é ní tọmọdé. Orúkọ náà kò tọ́ sí i. Àwọn tó ń fi sàsófóònù kọ orin àkọsílẹ̀ ti àwọn ará Yúróòpù níwájú ọ̀pọ̀ èrò, tí wọ́n sì ń jẹun lórí rẹ̀, agbègbè 1.7 yìí ni ọ̀pọ̀ wọn wà títí di òní.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í gba èémí púpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ a máa jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láìsí wàhálà, ó sì máa ń dúró lórí ohùn tí a bá gbé e lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ bí a ti ń di ètè mú yóò rí ohun tó jọ orin fọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ti owó, òun ló rọrùn jù, pàápàá èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ní láìmọ̀ pé àwọn ní ohun gidi lọ́wọ́.

Àléébù rẹ̀ fara hàn níta. Bí ẹ bá ń fọn láìsí máìkì, tí àwọn onílù sì ti gbóná, ẹ ó fẹ́ fi kún agbára yín, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ẹnu fèrè náà ní òpin. Ohùn á há, á máa fún mọ́ra, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Yíyọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ gòkè, irú èyí tí orin háílàìfù àti jùjú fẹ́ràn, kì í sì í rọrùn lórí rẹ̀ tó ti àwọn yòókù.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti Abẹ́òkúta wa níhìn-ín gan-an. Ríìdì tó yẹ ẹ́ ni 3, ní àwọn ìsọ̀ tí mo sì ń lọ, 2 àti 2½ ló máa ń pọ̀. Èmi a máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó, tàbí kí n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin láàárọ̀, kí n ra páálí méjì, kí n sì padà lálẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa fi 2 fọn 4C, yóò máa ní ohùn òun kò lágbára, yóò sì di ẹ̀bi ru ẹnu fèrè.

Èyí tó là gbòòrò

Mo fò kọjá sí ìpẹ̀kun kejì nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Lórí áàtò, mo ń sọ ohun tó ju 2.1 lọ, lórí tẹ́nọ̀, láti nǹkan bíi 2.7 lọ sókè. 7* ti Otto Link tí mo dárúkọ wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ohun tó dára lára rẹ̀ pọ̀, n kò ní fi dù ú. Ó gba èémí púpọ̀ láìkọ̀, bí agbára bá sì wà, kò ní há mọ́ yín lọ́nà. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó kún fún afẹ́fẹ́, irú èyí tí tẹ́nọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ létí ènìyàn nínú orin ìfẹ́, orí rẹ̀ ló ti dùn jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè tẹ ohùn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Ríìdì 2 àti 2½ tó pọ̀ nílùú yìí ló sì ń lò, èyí tó jẹ́ ìrọ̀rùn kan fún un.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé òmìnira yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ohùn dúró. Ètè ni ó ń di ohùn mú, bí ó bá sì ti rẹ ètè, ohùn á wálẹ̀. Ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ra ọ̀kan fún tẹ́nọ̀ mi, onírin, tí wọ́n tẹ 110 sí lára, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 2.8. Owó tí mo kó lé e lórí kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ kẹrin tí mo rà á ni a lọ ṣeré òkú àgbà kan ní ìtòsí Kútọ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ dùn, àwọn ènìyàn yíjú wò mí, mo rò pé mo ti débẹ̀. Nígbà tó fi di wákàtí kẹta, igun ẹnu mi ti ń jo èémí, itọ́ ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, gbogbo ohùn òkè tí mo fọn ló ń wálẹ̀ ju gìtá lọ. Ọ̀gá wa tó wà lórí gìtá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn yíjú sí mi, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé nǹkan dìde nílẹ̀. Mo gbé e títí, kò gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ ra ríìdì 1½ kí ó lè fúyẹ́ fún mi; ó fúyẹ́ lóòótọ́, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnu fèrè náà ṣì wà nínú àpótí mi. Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni n kò tíì tó o fọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ra tẹ́nọ̀ nílùú yìí, Fela ló wà lọ́kàn wọn, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1938. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló kọ́ nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọn ún kí ó tó gbé sàsófóònù kọ́rùn. Èémí olórin tó ti dàgbà sídìí fèrè ni ó gbé wá sídìí rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò ní irú èémí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnu fèrè tó lè bá a rà á.

Ọyẹ́ tún wà. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ríìdì tó gbẹ a máa ká létí bí ewé, bí àlàfo bá sì ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ríìdì tó ká yóò tún fi kún un. Ẹ fi ríìdì sínú omi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó fọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tẹ́ lórí gíláàsì nígbà tí ẹ bá tú u.

Èyí tó wà láàárín

Láti 1.8 dé 2.0 lórí áàtò, láti nǹkan bíi 2.2 dé 2.6 lórí tẹ́nọ̀. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ lórí èyí, nítorí pé ohun tí kò bá fa wàhálà kì í ní ìtàn. Meyer 5 àti 6 wà níbẹ̀, 6C àti 7C ti Yamaha náà wà níbẹ̀. Ríìdì 2½ bá a mu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wà lọ́jà. Ó gbà fún yíyọ́ ohùn, ó gba agbára tó pọ̀ díẹ̀, kì í sì í fi ètè pa ènìyàn ní ìsìn wákàtí mẹ́ta. Kò ní fọn ohùn ìsàlẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó èyí tó pa mọ́, kò sì ní gbòòrò tó èyí tó là. Owó rẹ̀ ni àléébù tó wà níbẹ̀: kì í sábà bá fèrè wá, ẹ gbọ́dọ̀ dìídì rà á, èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe sì wọ́n ju ti ike lọ dáadáa.

Èyí tó bá fèrè wá tí kò lórúkọ

Ọ̀pọ̀ sàsófóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń wọ ọjà wa ń bá ẹnu fèrè wá tí kò ní orúkọ tàbí nọ́ńbà kankan lára. Ẹ má ṣe jù ú nù kí ẹ tó fi káàdì wọ̀n ọ́n. Mo ti rí èyí tó dára láàárín wọn. Èyí tí mo máa ń kọ̀ ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, tí àlàfo apá òsì fi ju ti apá ọ̀tún lọ. Bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lábẹ́, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ apá kan ga ju èkejì lọ. Irú rẹ̀ yóò máa han goorogo lójijì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé ẹ̀bi òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sanpépà kàn án. Mo ti ṣe é rí, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lórí ẹnu áàtò onírọ́bà kan tí mo fẹ́ kí ó là díẹ̀ sí i. Mo tẹ́ sanpépà sórí tábìlì, mo fà á lọ fà á bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá péré. Ó là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan là ju èkejì lọ, ohùn G ti òkè kò sì jáde lórí rẹ̀ mọ́ títí di òní. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni títún ẹnu fèrè gbẹ́, pẹ̀lú irin ìwọ̀n àti ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ wọn. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Bí a ti ń dán an wò ní ìsọ̀

Ẹ mú fèrè yín lọ, kí ẹ mú ríìdì tí ẹ mọ̀ lọ, kí ó jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan le ju èkejì lọ. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ohùn sórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ fọn ẹnu fèrè nìkan láìkì í bọ fèrè: ti áàtò yẹ kí ó wà ní ìtòsí A, ìyẹn là nínú dò-rè-mì tó bẹ̀rẹ̀ láti C, ti tẹ́nọ̀ ní ìtòsí G, ìyẹn sò. Bí ẹ bá ń fún un ní eyín kí ó tó dé ibẹ̀, ríìdì yẹn rọ̀ jù fún un, tàbí kí ẹnu fèrè náà là jù fún yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ fọn ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹ sì wá fọn èyí tó wà lókè fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ máa wo fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pọ̀ jù. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Bí ó bá jẹ́ ti rọ́bà líle ni ẹ rà, ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nínú oòrùn Abẹ́òkúta, kí ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí pé dúdú rẹ̀ á ṣí, á di aláwọ̀ ewé tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa rùn bí imí ọjọ́.

Ta ni kí ó mú èwo

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún kan nídìí rẹ̀, kí ó dúró lórí èyí tó pa mọ́, pẹ̀lú ríìdì 2 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa gòkè lọ sí 2½ àti 3 bí ètè rẹ̀ ṣe ń le. Ẹni tó ń múra ìdánwò orin, tí yóò ka orin níwájú olùdánwò, ibẹ̀ kan náà ni ipò rẹ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ "tọmọdé" lé e kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kíbọ́ọ̀dù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí máìkì sì wà níwájú rẹ̀, tó ń fọn fún wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú tó sì tún ń ṣe ìṣọ́ òru ní ìparí oṣù, kí ó mú ti àárín. Máìkì ni yóò bá a pariwo. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ jùjú tàbí háílàìfù ṣeré lábẹ́ àtíbàbà, ti àárín ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó wá èyí tí àjà inú rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn onífèrè tó ń tẹ̀ lé òkú kiri ìgboro, tí wọn kì í lo máìkì rárá, tí wọ́n sì ń rìn bí wọ́n ṣe ń fọn, lè gòkè díẹ̀ nínú ti àárín, kí wọ́n má ṣe kọjá rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń rìn kò ní èémí púpọ̀ láti fi tọrẹ.

Èyí tó là gbòòrò wà fún ẹni tó ti lo ti àárín fún ọdún mélòó kan, tó ń fọn fèrè lójoojúmọ́, tó sì lè sọ ní pàtó ohun tí ti àárín kọ̀ láti bá a ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì tó àkókò. Kí ó má sì fò láti 1.6 sí 2.2 lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tàbí ìdá méjì, tó fún ètè láti mọ̀.

Ọmọkùnrin tó ní wọ́n sọ pé kí òun lọ wá méje, mo bá a fi káàdì wọn 4C rẹ̀ ní ojúlé mi. Méjì wọlé, mẹ́ta kọ̀. Mo yọ ríìdì 2 tó wà lórí rẹ̀, tó ti dúdú létí, mo de 3 tuntun mọ́ ọn. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó wò ó, ó tún fi padà sẹ́nu. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé òun náà nìyí?" Mo ní òun ni.